Ọfà Ìsàlẹ̀ Tí Mo Fi Sí Ìdáhùn Bàbá Oníkẹ̀kẹ́

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Èkó, adìẹ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. A ti kó wá sí Mòwé nígbà náà. Ọkọ mi ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, èmi wà nílé pẹ̀lú ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé tí a ò tíì mọ ohun tí a máa fi ṣe. Mo ra igba adìẹ ẹlẹ́yin. N kò mọ nǹkan kan nípa wọn ju pé wọ́n ń yé ẹyin lọ. Dókítà ẹran tó súnmọ́ wa jù wà ní Ìbafò, kì í sì í gbé fóònù bí ènìyàn bá pè é. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ adìẹ lọ́nà Ọ̀fàdà ló fi ìkànnì kan hàn mí lórí fóònù, níbi tí àwọn tó ń sin adìẹ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè lédè Yorùbá.

"Tí ẹ bá ti béèrè, wọ́n á dá yín lóhùn," ó ní. "Èyí tó bá wà lókè pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ kà."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ọfà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kọjú sókè, èkejì kọjú sísàlẹ̀. Ìdáhùn tó bá ran ènìyàn lọ́wọ́, a ó tẹ ọfà òkè fún un. Èyí tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, a ó tẹ ọfà ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá pọ̀, ìdáhùn náà á máa gun òkè. Bí ti ìsàlẹ̀ bá fi mẹ́ta borí, wọ́n á ká a pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti tẹ ibì kan kó tó ṣí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fún ní ọfà ìsàlẹ̀. O ní láti ti dáhùn ìbéèrè títí máàkì rẹ á fi pọ̀, ìgbàkígbà tí o bá sì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ máàkì kan lára tìrẹ, kí ọwọ́ rẹ má baà yá jù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, bí mo bá ti kó ẹyin tán, màá jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, màá máa dáhùn ìbéèrè. Ó dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni èrò mi. Níbí, ẹni tí n kò rí rí ní Ìsẹ́yìn á kọ̀wé pé, "Ẹ ṣeun, màmá, wọ́n ti ń yé padà."

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí àwòrán tó fi síwájú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ojú ènìyàn, kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ kan tó fara ti ògiri ni. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ó máa ń kọ̀wé bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé. Kì í ṣe àwàdà, kì í kí ènìyàn kú iṣẹ́, ohun tó bá fẹ́ sọ ló máa sọ, ó parí.

Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan béèrè ohun tí òun lè ṣe fún adìẹ tó ti dá ẹyin dúró. Mo ní kó fi ebi pa wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, kó sì dín omi wọn kù, pé ara wọn á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ni, n kò dán an wò rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọfà òkè mẹ́rìnlá ti wà lára ìdáhùn mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti di mẹ́tàlá, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ sì ti kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀:

"Mo fi ọfà ìsàlẹ̀ sí ìdáhùn yìí. Ebi ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú àìtó omi nínú ooru yìí yóò pa adìẹ. Kí a kọ́kọ́ yẹ oúnjẹ wọn wò, àti ìmọ́lẹ̀, àti kòkòrò ara. Bí ẹ bá tún un ṣe, èmi yóò yọ ọfà mi."

Mo kà á tó ìgbà márùn-ún. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo tún ìdáhùn náà kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó sì tó di ọ̀sán, ọfà rẹ̀ ti kúrò. Gbólóhùn kan péré ló fi sábẹ́ rẹ̀: "Ó dára bẹ́ẹ̀."

Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti rí i. Nígbà tí mo lọ ra oúnjẹ adìẹ, obìnrin ọ̀nà Ọ̀fàdà yẹn wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo rí i pé Bàbá fà yín létí." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpò oúnjẹ adìẹ mi, mo wá ọ̀kadà, ojú ń tì mí títí mo fi délé, bí ẹni tí wọ́n bá wí láàárín ọjà.

N kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣí ojú ìwé tí gbogbo ìdáhùn Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọfà ìsàlẹ̀ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbọ́ pé ìkànnì náà máa ń mú ẹni tó bá tẹ ọfà púpọ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà, pé wọ́n á fagi lé gbogbo ohun tó bá tẹ̀. Nítorí náà, méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la ni mo ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe é. Mẹ́tàdínlógún ni mo tẹ̀. N kò ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ń wò, ìka mi á lọ síbẹ̀, ara á tù mí díẹ̀.

Èmi nìkan kọ́. Bí ènìyàn bá rí ìdáhùn tó ti wà nísàlẹ̀ òdo, kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi tirẹ̀ kún un. Àwọn ìdáhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká pọ̀. Lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àṣìṣe tó wà níbẹ̀? Mo fẹ́ tún un ṣe." N kò dáhùn. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó tẹ ọfà sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó yá, a ò rí i mọ́ níbẹ̀. Mo kíyè sí i fún bí ọjọ́ méjì, mo sì gbàgbé.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Àgbàdo, ilé wọn kò jìnnà sí ojú irin. Èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn tí màmá wa kú, n kò sì tíì jáwọ́ nínú títọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti bímọ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo kó ẹyin lọ fún un láì sọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn wọlé, mo rí ilé adìẹ kékeré kan tí wọ́n fi pákó tuntun kàn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbá a mọ́, wọ́n sì ti dojú abọ́ omi dé.

"O ti ń sin adìẹ?" mo bi í.

"Mo sin ín ni, sista mi. Ọgọ́rùn-ún ọmọ adìẹ ni. Wọ́n ti kú."

"Gbogbo wọn?"

"Ó ku mẹ́sàn-án. Mo fi tọrẹ."

Mo jókòó. Mo bi í pé kí ló ṣe wọ́n. Ó ní wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan, ìyẹ́ wọn ń rọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Kó tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ àìsàn náà. Kọ́kísì ni a ń pè é, ọmọ tó ti sin adìẹ fún ọdún kan ti mọ̀ ọ́n. Oògùn inú omi wà fún un. Téèyàn bá tètè lò ó, tó sì kó lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti tutù kúrò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kú.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

Ó ń to ẹyin tí mo kó wá sínú abọ́.

"Mo béèrè," ó ní. "Lórí ìkànnì yín yẹn. Orúkọ míì ni mo fi wọlé."

"Èmi ńkọ́? Èmi tí mo wà ní Mòwé?"

"Tí mo bá pè yín, ẹ máa kọ́kọ́ bínú sí mi pé n ò sọ fún yín kí n tó rà wọ́n. Ìbínú yẹn ni n ò lè gbà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ò mọ̀ mí."

Ó fún mi ní fóònù rẹ̀. Ìbéèrè náà nìyẹn, tí wọ́n kọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ orí àwọn adìẹ náà àti àwọ̀ ìgbẹ́ wọn. Lókè pátápátá, ẹnì kan tó máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín lórí ìkànnì náà ti dáhùn pé lùkúlùkú ni, àrùn tó ń run adìẹ, pé kó tètè fún wọn ní àjẹsára lọ́jọ́ náà gan-an. Ọfà òkè mẹ́sàn-án ló wà lára rẹ̀. Àbúrò mi sì ti fi àmì sí i pé ìdáhùn tó ran òun lọ́wọ́ nìyẹn, nítorí pé ó fẹ́ dúpẹ́ kó tó jáde lọ ra àjẹsára. Àjẹsára lára ọmọ adìẹ tí ara rẹ̀ ò yá, pẹ̀lú kọ́kísì tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú, ló pa wọ́n.

Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ìdáhùn kan wà tí àwọn ènìyàn kò fara mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á tẹ ibẹ̀. Mo tẹ ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà yọ. "Kọ́kísì ni eléyìí," ló kọ. "Kí a má fún wọn ní àjẹsára báyìí. Kí a ra oògùn rẹ̀ lónìí, kí a fi sínú omi, kí a sì kó gbogbo ilẹ̀ tó tutù dànù." Gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Kò sí ohun tí mo lè fi kún un.

"Ṣé o ka èyí?" mo bi í.

"Rárá. Mo rò pé irọ́ ni wọ́n máa ń ká pọ̀."

N kò lè ṣí fóònù tèmi níwájú rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣí i, nígbà tí mo ń padà lọ sílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà mẹ́rin yẹn, ọfà ìsàlẹ̀ pọ́n fòò. Bó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo wo ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí àbúrò mi béèrè gan-an ni, nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà láàyè.

Mo tẹ ọfà náà láti yọ ọ́. Kò yọ. Ó jáde lójú fóònù pé ìbò mi, ìyẹn ọfà tí mo tẹ̀, ti lé ní ọjọ́ kan, kò ṣeé yọ mọ́, àyàfi bí ẹni tó ni ìdáhùn bá tún un kọ. Mo kọ̀wé sí àwọn alábòójútó ìkànnì náà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mẹ́tàdínlógún, mo ní kí wọ́n yọ wọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n dáhùn. Wọ́n ní ìbò jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀, pé àwọn kì í fọwọ́ kan ìbò ẹnikẹ́ni, kódà bí ẹni tó dì í bá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ọfà ìsàlẹ̀ wà fún ìdáhùn, kò wà fún ẹni tó kọ ọ́, pé kí n jọ̀wọ́ máa ka ìdáhùn kí n tó dìbò. Wọ́n kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kọ̀wé sí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, sábẹ́ ìdáhùn náà, pé kó jọ̀wọ́ tún un kọ, kódà kó jẹ́ àmì ìdánudúró kan péré ló máa fi kún un. Kò sí èsì.

Mo pe àbúrò mi, mo sọ fún un pé èmi wà lára àwọn tó ká ìdáhùn yẹn pọ̀. Mo ń gbọ́ tí ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́.

"Ó ti tán, sista mi," ó ní. Ó wá bi mí bóyá ikọ́ ọkọ mi ti lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni pé ó ti kọ ọ́ nígbà kan pé Ìfọ̀ ni òun ti ń sin adìẹ kó tó di pé wọ́n ń ta oúnjẹ wọn nínú àpò. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo gba Bẹ́jà lọ sí Agége, mo wọ ọkọ̀ Ṣàngó-Ọ̀tà, láti ibẹ̀ mo wọ ti Ìfọ̀. Mo wọ ilé ìtajà oògùn ẹran kan nítòsí ọjà, mo fi àwòrán kẹ̀kẹ́ náà han ẹni tó ń tajà. Kò tilẹ̀ gbà á wò dáadáa. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ Bàbá nìyẹn. Ẹ gba ẹ̀yìn mọ́sálásí, ilé kejì."

Ó jókòó síwájú ilé, ó wọ fìlà funfun, ó ń fi wáyà di àgò tó ti já. Ó ti dàgbà ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó ní kí n dìde, ó sì na ọwọ́ sí àga kan fún mi. Mo ní orí ìkànnì adìẹ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní èmi ni ẹni tó kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ebi pa adìẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ojú rẹ̀ tàn. "Ìwọ lo tún un kọ," ó ní. "Mo rántí rẹ. Nínú gbogbo àwọn tí mo sọ fún, ìwọ nìkan lo tún tìrẹ kọ. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà pé obìnrin yẹn ní làákàyè."

Ó ṣòro fún mi láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n torí rẹ̀ ni mo ṣe wá. Mo sọ ọ́, ti àwọn ọfà náà àti ti àwọn adìẹ àbúrò mi. Bàbá fi àgò náà sílẹ̀.

"Mélòó ni?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà."

"Mélòó lo kà nínú wọn?"

"Mẹ́ta, sà. Bóyá mẹ́rin."

"Kí ni àṣìṣe tó wà nínú àwọn tí o kà?"

"Kò sí, sà. Ẹ ò ṣàṣìṣe."

Ó mi orí, kò sì wò mí. "Mo rò pé ayé ti yí padà ni," ó ní. "Mo ní bóyá oògùn tuntun ti dé, tí ohun tí mo mọ̀ sì ti di ti àtijọ́. Mo béèrè, kò sẹ́ni tó sọ. Ènìyàn kan lè ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ò lè máa sọ pé o ṣàṣìṣe kí o má gbà. Aládùúgbò mi gbé àkùkọ wá lóṣù tó kọjá pé kí n wò ó. Mo ní kó gbé e lọ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti ń wo adìẹ, n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí."

Mo kúnlẹ̀ padà. Ó ní kí n jókòó, pé òun ò bínú. Mo mọ̀ pé kò bínú. Ìbá rọrùn fún mi ká ní ó bínú.

Mo ṣàlàyé pé bí ó bá lè wọlé kó tún ìdáhùn náà kọ, màá lè yọ ọfà mi. Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ ti fún un ní fóònù mìíràn, kò sì rántí ọ̀rọ̀ tó fi ń wọlé, nítorí náà fóònù mi ni a lò. A dán ọ̀rọ̀ mẹ́rin wò: orúkọ ìyàwó rẹ̀, ti àkọ́bí rẹ̀, ti abúlé rẹ̀, àti ọ̀kan tó ní ká kàn fi dán an wò. Kò sí èyí tó ṣí i. Ìkànnì náà wá ní òun ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí láìnì tí Bàbá fi forúkọ sílẹ̀.

"Wọ́n ti ti láìnì yẹn pa," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ní ká so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò lè lọ tò."

A jọ ń wo ibi tó yẹ kí á tẹ nọ́ńbà náà sí. Ó ní bóyá kí a dúró díẹ̀, bóyá ó lè gba ibòmíràn wọlé. A dúró. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Ó bu omi, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ, ó sì dé, mo ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí mo ní kí n máa lọ, ó sìn mí dé ojú títì, ó ní kí n bá òun kí àbúrò mi kú àdánù. Ó bi mí bóyá ó máa tún sin òmíràn. Mo ní n kò mọ̀.

Mo ti kọ ìdáhùn náà fúnra mi báyìí, sábẹ́ ìbéèrè àbúrò mi, mo sì sọ níbẹ̀ pé Bàbá ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọfà òkè méjì ló ní. Ìdáhùn àjẹsára ló ṣì wà lókè, nítorí pé àmì àbúrò mi wà lára rẹ̀, ẹni tó béèrè nìkan ló sì lè yọ àmì. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ti yọ ìkànnì náà kúrò lórí fóònù òun, òun ò sì fẹ́ tún rí ìbéèrè yẹn mọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìgbà yìí sì ni kọ́kísì máa ń pọ̀. Láàárọ̀ àná, ẹnì kan tó sọ pé òun wà ní Ìbafò kọ̀wé sábẹ́ ìdáhùn tó wà lókè yẹn pé, "Ohun tó ń ṣe tèmi gan-an nìyí. Ẹ ṣeun, mò ń lọ ra àjẹsára náà báyìí." Mo kọ̀wé sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ dúró, kó ka èyí tó wà nísàlẹ̀. Mo fi nọ́ńbà mi síbẹ̀ pé kó pè mí. Mo lọ bu omi fún àwọn adìẹ, mo padà wá wo fóònù. Mo kó ẹyin, mo tún wò ó. Títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí, kò tíì pè.